Ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ti ilé-ìwé pa

Púpọ̀ nínú yín ti dàgbà kí ẹ tó mọ̀ ọ́n kà. Ẹ mọ bí ó ti ń rí nígbà tí lẹ́tà bá dé, tí a ní láti wá ọmọ ọlọ́mọ kí ó wá kà á fún wa. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí fún yín. Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tètè yé yín.

Agbègbè kan wà ní ìpínlẹ̀ Virginia tí ó ń jẹ́ Prince Edward. Láyé ìgbà náà, òfin kò jẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ aláwọ̀ funfun jókòó ní ilé-ìwé kan náà. Ilé-ìwé gíga Moton, ní ìlú Farmville, ni ti àwọn dúdú. Ọmọ 180 ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 1939. Nígbà tí ó di 1951, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ti lé ní 450. Wọ́n wá fi pákó àti bébà tí a fi ọ̀dà kùn ṣe àtíbàbà fún àwọn tí kò rí àyè. Bí òjò bá rọ̀, ó ń jò sí wọn lára.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1951, ọmọbìnrin ọdún 16 kan, Barbara Johns, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ilé-ìwé gidi. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ ẹjọ́ àwọn ibòmíràn. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 1954, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé kò tọ́ kí a ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ ní ilé-ìwé ìjọba nítorí àwọ̀ wọn.

Kí ni àwọn aláṣẹ Prince Edward ṣe? Ní 1959, wọ́n ní àwọn kò ní fi owó kankan sí ilé-ìwé ìjọba mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tì pa. Àwọn aláwọ̀ funfun dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀. Láti 1960, ìjọba ń fún òbí lówó láti fi san owó ilé-ìwé aládàáni. Wọ́n ní kí olúkúlùkù yan ilé-ìwé tí ó wù ú.

Wọ́n fi ilé-ìwé aládàáni lọ àwọn dúdú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá gbà á, ilé-ìwé gbogbo ènìyàn kú nìyẹn. Ọmọ dúdú bíi 1,700 ni kò ní ilé-ìwé mọ́. Àwọn kan lọ bá ẹbí ní ìlú mìíràn. Àwọn kan lọ sí oko, wọn kò sì padà. Àwọn ọmọ tálákà aláwọ̀ funfun kan náà pàdánù. Ní 1963, àwọn aláàánú ṣí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ fún ọdún kan.

Pásítọ̀ L. Francis Griffin kò dákẹ́. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé òkè. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1964, ilé-ẹjọ́ gíga dá wọn láre, ilé-ìwé ìjọba sì ṣí padà ní ọdún náà. Ní 2004, Virginia ya owó sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ ìgbà náà lè padà kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti di àgbà nígbà náà, bíi tiyín.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Ṣé kò dára kí ìjọba fún òbí lówó, kí ó fi yan ilé-ìwé tí ó wù ú?” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹ jẹ́ kí á fi kànga wò ó. Bí a bá pín owó tí a fẹ́ fi tún kànga abúlé ṣe fún olúkúlùkù, ọlọ́rọ̀ yóò fi tirẹ̀ kún un, yóò gbẹ́ kànga sí àgbàlá rẹ̀. Tálákà yóò mú owó díẹ̀ lọ́wọ́, yóò sì máa mu omi àbàtà. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé. Owó ọwọ́ òbí kan kò lè kọ́ kíláàsì. Ilé-ìwé aládàáni lè kọ ọmọ tí kò wù ú, ṣùgbọ́n ti ìjọba ti gbogbo wa ni.

Òfin ńlá Benin ti 1990 sọ pé ilé-ìwé ìjọba ni ìjọba yóò fi kọ́ àwọn ọmọ. Ní 2006, Benin mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kúrò. Togo ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí òbí kò bá san, àpò ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ san olùkọ́, kí ó sì ra bẹ́ǹṣì.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé àwọn òbí, ẹ lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé owó ilé-ìwé hàn yín. Ẹ ti lè kà á fúnra yín báyìí.