Ìrì Ló Ń Sẹ̀ Lára Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú ni "ìfúnpọ̀". Mo bá a pàdé nínú àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá. Ó ń ṣàlàyé bí àwọn tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn sáré ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ ṣe ń fi omi tó tutù rékọjá tu ọpọlọ rẹ̀ lára. Wọ́n ní kí òǹkàwé ṣọ́ra fún "ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́" lórí páìpù. Ìfúnpọ̀ kẹ̀? Ta ló fún un? Omi tó ń kán tótó lára páìpù tútù, ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní omi nínú tí ojú kì í rí. Bó bá kan ohun tó tutù tó, omi náà á jáde sára nǹkan ọ̀hún. Tó bá kán sórí bọ́ọ̀dù, iná á bíríìjì, owó ti wọgbó nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ yìí ni kò gba àríyànjiyàn. Páìpù, pọ́ǹpù, fáànù, rọ́bà: bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, ń pè wọ́n, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu. Kúláǹtì ni mẹkáníìkì ń pe ohun tó ń bù sínú rédíétọ̀ ọkọ̀, kò sídìí tí kò fi ní jẹ́ kúláǹtì nínú kọ̀ǹpútà. Gíláíkọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ omi kó má baà dì, àlejò ni, ẹ jẹ́ kó jókòó. Peltier, ohun èlò tó ń fi iná mú nǹkan tutù, ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ ará Faransé tó ṣàwárí ní 1834 pé iná tó bá gba ojú ibi tí irin oríṣi méjì ti so pọ̀ kọjá máa ń mú ibẹ̀ gbóná tàbí kó mú un tutù. A kì í túmọ̀ orúkọ èèyàn. Kọ̀ǹpútà náà ni mo sì ń kọ, n kì í kọ "ẹ̀rọ ayárabíàṣá". Orúkọ yẹn sọ bí ẹ̀rọ ṣe yára, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní ti iṣẹ́ tí à ń wí yìí, ṣé a ó wá sọ pé a fẹ́ kí ayárabíàṣá yára ju àṣá lọ?

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ dúró jà ni "ìtutù abẹ́ òdo" tí wọ́n ń pe irú ìtutù yìí. Òdo ni òǹkà tí kò ní iye, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí atẹ̀wé bá fo àmì ohùn, bí wọ́n ṣe máa ń fò ó: abe odo. Ṣé abẹ́ odò tí ẹja ń gbé ni, àbí abẹ́ odó tí a fi ń gún iyán? Ọ̀rọ̀ omi sì ni à ń sọ, òǹkàwé lè rò pé a fẹ́ ri kọ̀ǹpútà sínú odò Ọ̀ṣun. Àṣìṣe tó tún tóbi ju ìyẹn lọ ni pé òdo kò sọ nǹkan kan nípa òtútù. Òdo Celsius ni ibi tí omi ti ń dì, ṣùgbọ́n òdo Fahrenheit tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà tó −18°C. Kí la fẹ́ fi òǹkà ẹlòmíràn ṣe, nígbà tí omi fúnra rẹ̀ ti fi ibi tó ti ń dì hàn wá? "Ìtutù amómidì" ni mo yàn. A ti sọ "mú ohùn" di "móhùn" nínú amóhùnmáwòrán, "mú omi" náà á sì di "mómi" bákan náà. Ẹnìkan lè ní kúláǹtì kì í dì níbẹ̀, torí àpòpọ̀ gíláíkọ́ọ̀lù àti omi ní ìdajì-ìdajì lè má dì títí yóò fi tó nǹkan bí −37°C. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tó bá wá láti inú yàrá tó bà lé páìpù náà yóò dì gbagidi, òun sì ni ọ̀tá wa.

Ìjà ńlá wá kù: kí la ó fi rọ́pò "ìfúnpọ̀"? Bí ìgò bá jáde nínú fíríìjì tí ara rẹ̀ sì tutù, aráàlú á ní ó ń làágùn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu èèyàn ló ti wá, kò ti inú kọ́míńtì wá. Síbẹ̀ mo kọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ yìí. Inú ara ni òógùn ti ń jáde, omi ara ẹni tó ń làágùn ló ń sọnù. Bí a bá sọ fún ọmọṣẹ́ pé páìpù ń làágùn, oríkèé páìpù ni ojú rẹ̀ á lọ: á fún un le, á tún un fún, á ní kúláǹtì ń jò. Kúláǹtì kò jò. Kó wẹ́ẹ̀dì gbogbo ojú oríkèé pa, ara páìpù ṣì máa tutù. Ewéko kì í jò láàárọ̀, ìrì ló sẹ̀ sí i lára.

Báwo la ṣe máa sọ "ìrì sẹ̀" di ọ̀rọ̀-orúkọ? Àwọn kan á fẹ́ kọ "ìsẹ̀rì", kó dún bí ìpẹja. Kò tọ̀nà. A ń pa ẹja, àbọ̀ ni ẹja jẹ́ fún ọ̀rọ̀-ìṣe, ìdí nìyẹn tí fáwẹ́lì fi pajẹ. Ìrì kì í ṣe àbọ̀. Olùwà ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sẹ ìrì. Àwọn baba wa sì ti yanjú irú ẹjọ́ yìí tipẹ́. Oòrùn là, wọ́n pè é ní ìlà-oòrùn. Oòrùn wọ̀, ó di ìwọ̀-oòrùn. Olùwà bọ́ sẹ́yìn, ó sì dúró lódidi, fáwẹ́lì rẹ̀ kankan kò pajẹ. Nítorí náà, ìrì sẹ̀: ìsẹ̀-ìrì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ló jẹ́ kí irú wa rí olùwà àti àbọ̀ bá jà báyìí. Gírámà àti lítíréṣọ̀ ni ìwé náà dojú kọ, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwa tó kù.

Ìsẹ̀-ìrì bí ọmọ kan lójú ẹsẹ̀: ìwọ̀n ìsẹ̀-ìrì, ìyẹn ìwọ̀n ìgbóná tó jẹ́ pé bí nǹkan bá tutù jù ú lọ, ìrì á sẹ̀ sí i lára. "Àmì ìrì" tí mo rí níbòmíràn kò bá a mu, àpẹẹrẹ pé ìrì ń bọ̀ ló ń sọ. Nínú yàrá tó wà ní 30°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú 100, bí ó ṣe lè rí l'Ékòó lásìkò òjò, ìwọ̀n ìsẹ̀-ìrì tó 25°C. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá sọ yàrá di 22°C, tí ọ̀rinrin sì dín sí ìdá 50, ó bọ́ sí nǹkan bí 11°C. Páìpù amómidì kò ní bọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí ẹ̀rọ máa wọn ọ̀rinrin yàrá, kó má sì jẹ́ kí ojú tútù lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n ìsẹ̀-ìrì. Bẹ́ẹ̀ ni Intel ṣe é nínú ẹ̀rọ Cryo tí wọ́n gbé jáde ní 2020. Ẹni tó bá fẹ́ òtútù jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dínà afẹ́fẹ́: kó fi kutẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kun bọ́ọ̀dù, kó fi fóòmù we páìpù, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ibi tí fóòmù ti pàdé. Irú fóòmù náà ṣe pàtàkì. Èyí tó dà bíi kànrìnkàn máa ń mumi. "Fóòmù olójú dídí" ni wọ́n pe èkejì nínú àpilẹ̀kọ ọ̀hún, ó sì ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ afọ́jú. Fóòmù aláìmumi ló yẹ kó jẹ́.

Ẹ̀yin tó ń túmọ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ìsẹ̀-ìrì lọ, kó mú un wá, màá gbà á. "Ìfúnpọ̀" nìkan ni kó má mú wá.