Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Àríwísí

Àríwísí (ọ̀rọ̀-orúkọ): à + rí + wí + sí. Rírí ló ṣáájú wíwí. Bí ọ̀dọ́ kan ní Kabba bá fi fọ́tò aṣọ pupa ìsìnkú àwọn ará Bùnú hàn ọ́ lórí fóònù, tí o kàn ní "Kò dáa," o bẹnu àtẹ́ lù ú ni. O kò tíì ṣe àríwísí. Ṣùgbọ́n bí o bá kí i bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, tí o ní, "Òkun o, àbúrò. Ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n rárá. Oòrùn ọ̀sán ló pa àwọ̀ pupa yìí, tún un yà nírọ̀lẹ́," àríwísí nìyẹn. Kí ẹni tí a wí fún náà tún fọ́tò rẹ̀ wò kó tó fèsì. Ojú kejì ni àríwísí, ọ̀rẹ́ ló ń yáni.