Amóorulọ

Níbi òde l'Abẹ́òkúta, kúlà kì í mú nǹkan tutù. Ìrẹsì ọ̀fàdà tí wọ́n sè láàárọ̀ ni wọ́n ń rọ́ sínú ọ̀kan, àmàlà láfún tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá wà nínú èkejì, bí alásè bá sì ṣí ìdérí wọn ní aago mẹ́ta ọ̀sán, oru á ṣì máa rú jáde. Bí wọ́n bá tún kó yìnyín àti mínírà sínú irú rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: kò jẹ́ kí ooru ìta wọlé, kò sì jẹ́ kí ti inú jáde.

Ó wá ku ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà ní Pánṣẹ́kẹ́, tó ní òun ń wá kúlà fún kọ̀ǹpútà òun. Ohun tó ń wá kò gbọdọ̀ dènà ooru rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ooru lára irin pẹlẹbẹ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, kó sì tú u dà sínú afẹ́fẹ́ kíákíá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló bí orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ti oúnjẹ ti di onílé lẹ́nu wa, n kò sì rí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ àwọn alásè. Kí kúlà máa bá ìrẹsì lọ. Ẹ jẹ́ ká wá orúkọ mìíràn fún ti kọ̀ǹpútà.

Èyí tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn àtidá ọ̀rọ̀ ni amúpọlọtutù, nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù ti wà nílẹ̀, ọpọlọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń pe èròjà tó ń ṣírò nínú kọ̀ǹpútà. Ó dùn gbọ́, àmọ́ irọ́ wà nínú rẹ̀. Amúlétutù ní kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ àti gáàsì. Ó lè mú yàrá tó gbóná dé ìwọ̀n 34 wálẹ̀ sí 22. Irin àti fáànù tó jókòó lé ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó dára tó, kò lè mú ọpọlọ tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá tó wà lọ. Ẹni tó bá sì rò pé èyí tó ń lo omi yàtọ̀, kó rántí pé afẹ́fẹ́ yàrá yìí kan náà ló máa gba ooru lọ́wọ́ omi náà nígbẹ̀yìn. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, tutù, fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tutù lẹ́yìn òjò, aṣọ tó tutù kò tíì gbẹ, ara ẹni tó ti kú tutù. Tí a bá sọ fún ẹni tí kò mọ̀ pé ohun èlò yìí ń mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù, kò burú tó bá lọ bu omi wá.

Orúkọ tó bá fẹ́ sòótọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé ooru ń kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Mo wo agbooru, ṣùgbọ́n etí ò ní pẹ́ gbọ́ ọ sí agbòòrùn, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ra èròjà kọ̀ǹpútà á wá máa gbé agbòòrùn délé. Mo wo akóoru. Àrùn la máa ń kó, ohun tí èèyàn bá sì kó báyìí, ara rẹ̀ ló ń bá gbé. Amúnáwá ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Láti ìgbà tí àwọn oníròyìn orí rédíò ti ń pe jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀rọ amúnáwá, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn mú iná wá. Tiwa yìí mú ooru lọ. Amóorulọ ni mo ń pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Iṣẹ́ àtidá orúkọ báyìí kì í ṣe àjèjì lábẹ́ Olúmọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, gbé ìwé kan jáde l'Abẹ́òkúta fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ìwé Ìròyìn ló kọ sí orí rẹ̀. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kúrò nílùú, ìwé náà kú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ la fi ń pe gbogbo irú rẹ̀ títí di òní, ìbáà ṣe ti Èkó tàbí ti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí irin Èkó sí Ìbàdàn gba Láfẹ́nwá kọjá, orúkọ méjì ló bá a dé. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ní rélùwéè, àwọn tíṣà ní ọkọ̀ ojú irin, kò sì sí èyí tó pa ìkejì. Kódà àwọn ọ̀mọ̀wé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú fún nígbà tí ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, jáde ní 1984 kò lé àyálò síta: bí ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lónìí ni fóníìmù náà wà. Ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé kò le. Ohun tí ará ilé fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí a dá orúkọ fún un. Ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pè tipẹ́, ká máà bá a du ú.

Ẹ gbé amóorulọ kan sọ́wọ́, ká jọ wo ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n fá a dán, ibẹ̀ ló ń kan ọpọlọ. Páìpù bàbà mẹ́rin tàbí mẹ́fà yọ láti ìdí yìí, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n sì gùn lọ sókè gba inú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò jọ ní ogójì, àádọ́ta, tí àlàfo díẹ̀díẹ̀ wà láàárín wọn. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀nyí ni mo ń pè ní lẹbẹ. N kò dá a, inú Bíbélì ni mo ti mú un: ẹni tó bá ti ka Léfítíkù orí 11, níbi tí òfin ti ya ẹja tó ní lẹbẹ àti ìpẹ́ sọ́tọ̀ fún jíjẹ, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹja ń fi lẹbẹ rẹ̀ ti omi. Amóorulọ ń fi tirẹ̀ na ojú tó pọ̀ sí afẹ́fẹ́, kí ooru lè rí ibi gbà jáde.

Páìpù ní tirẹ̀ kò ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni kò kún. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n fi omi táṣẹ́rẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì dí i pa. Nídìí, níbi tó ti súnmọ́ ọpọlọ, omi náà di oru. Oru yìí sáré lọ sókè láàárín lẹbẹ, ó tutù níbẹ̀, ó di omi padà, ìhà inú páìpù tí wọ́n ṣe ní wúruwùru sì fà á wá sídìí bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Èyí ló fi jẹ́ pé páìpù yìí ń gbé ooru ju bàbà gidi tó ki pọ́pọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ bàbà gan-an ń jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá ní ohun tó lé ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti alumíníọ́mù.

Láàárín ìdí amóorulọ àti ọpọlọ, wọ́n máa ń fi ohun kan tó rọ̀ sí i, tó máa ń jẹ́ aláwọ̀ eérú. Ìpara ni kó máa jẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan dá a lábàá pé ká pè é ní ẹ̀kọ, bí àwọn aládìrẹ ṣe ń pe láfún tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ. Àwọn aládìrẹ Ìtòkú ò ní gbà. Ẹ̀kọ àdìrẹ ń dí aró lọ́nà ni, kí ibi tó bá bò lè funfun. Ìpara ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń la ọ̀nà. Irin méjì tó dán lójú wa ṣì ní gbágungbàgun àti kòtò tí ojú lásán kò rí, afẹ́fẹ́ ló ń kún àwọn kòtò náà, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ooru ọ́ gbé. Ìpara lé afẹ́fẹ́ náà kúrò. Èyí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan láàárín ọpọlọ ti tó. Kí ẹ má kùn ún bí ẹni kùn ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi aago ṣe, overclocking. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Èyí tó wà ní 5 GHz ń ṣí ẹsẹ̀ ní bílíọ̀nù márùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn kan wà tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n á wọ inú ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà lọ, wọ́n á sọ fún un pé kó sáré ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti wí lọ. Ayárabíàṣá la kúkú ń pe kọ̀ǹpútà, àwọn wọ̀nyí wá ń na àṣá lẹ́gba. Kí la máa pe ohun tí wọ́n ń ṣe? Aago tiwa, àkókò ló ń sọ, kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ìkọjá-òdiwọ̀n dà bí ẹ̀sùn tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mú èèyàn. Mo fara mọ́ ti àwọn dírẹ́bà. Bí ọkọ̀ bá ń fà lójú ọ̀nà Ṣágámù, ohun tí èrò ẹ̀yìn máa ń pariwo ni pé kí dírẹ́bà tẹná. Iná tí wọ́n ń wí ni ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Iná náà la ń pe èyí tó ń gba inú wáyà. Iná náà sì ni èyí tó ń jóni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló péjú síbí: eré pọ̀ sí i, fọ́ltéèjì pọ̀ sí i kí eré náà lè dúró, ooru sì bá wọn dé. Ìtẹná ni mo pè é.

Ooru tí ìtẹná ń bí ju ojú tí èèyàn fi ń wò ó lọ, torí agbára tí ọpọlọ ń jẹ ń bá eré rẹ̀ rìn, ó sì ń bá fọ́ltéèjì rìn ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kun eré, ẹ fi iye kan náà kun fọ́ltéèjì: èyí tó ń jẹ 100 wáàtì tẹ́lẹ̀ á máa jẹ 133. Gbogbo wáàtì yìí, ooru ni wọ́n ń dà. Core i9-13900K ti Intel, 125 ni ilé iṣẹ́ náà kọ sí i ní ìpìlẹ̀, 253 nígbà tó bá ń sá gbogbo eré rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì tẹná mọ́ ọn o. Lẹ́tà K tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ló ń sọ pé wọn kò ti ìlẹ̀kùn ìtẹná. Èyí tí kò ní K, ẹni tó ra amóorulọ ńlá lé e lórí nítorí ìtẹná ń fi owó ṣòfò. Ryzen ti AMD ní tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ṣí sílẹ̀.

Nígbà náà, èwo ni ká rà? Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ti ṣàpèjúwe, onílẹbẹ. Hyper 212 ti Cooler Master jẹ́ ilé lẹbẹ kan pẹ̀lú páìpù mẹ́rin. NH-D15 ti Noctua jẹ́ ilé méjì, páìpù mẹ́fà, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 165, torí náà kí ẹ fi rúlà wọn inú àpótí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó sanwó. Oríṣi kejì ń fi páǹpù ti omi gba orí ọpọlọ lọ sí rèdíétọ̀ tí wọ́n ń tà ní ìwọ̀n mìlímítà 240 tàbí 360. Rèdíétọ̀ ni mo sọ, n kò sì ní dá ọ̀rọ̀ kankan dípò rẹ̀, torí kò sí mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́nwá tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ kan wà: ọ̀pọ̀ nínú ti kọ̀ǹpútà kò ní ìdérí tí wọ́n ń ṣí láti bu omi kún un. Ọjọ́ tí páǹpù rẹ̀ bá dákẹ́, gbogbo rẹ̀ lódindi di ìdọ̀tí. Bí fáànù onílẹbẹ bá kú, fáànù lásán la máa rà. Èyí ni mo fi ń sọ fún ará Abẹ́òkúta pé kí ó ra onílẹbẹ ńlá, àyàfi tí ìtẹná rẹ̀ bá ti gbé ọpọlọ kọjá 200 wáàtì dáadáa. Àwọn òyìnbó tó ń yẹ nǹkan wọ̀nyí wò máa ń fi ojú ìwé rẹpẹtẹ sọ̀rọ̀ lórí ariwo fáànù. Ẹni tí amúnáwá aládùúgbò rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, kó fo ibẹ̀.

Eruku ni kó mójú tó. Ẹ yọ fáànù kúrò lára amóorulọ tó ti la ọyẹ́ kan kọjá nínú ilé tó wà létí títì tí kò lọ́dà. Lẹbẹ ò ní hàn. Eruku pupa, irun àti òwú aṣọ ti lẹ̀ pọ̀ di abala kan tí èèyàn lè fi èékánná ká kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn fáànù gan-an, níbi tí ojú kì í dé, ló sì ti nípọn jù. Amóorulọ tó wà nípò yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di kúlà.

Bí ooru ò bá rọ́nà jáde, ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í jóná lójijì. Ó máa ń dẹwọ́ ni. Púpọ̀ nínú Ryzen 7000 ń dẹwọ́ ní ìwọ̀n 95, 13900K ní 100. Eré tí ẹ fi owó àti ìtẹná rà, á dá a padà láìsọ fún yín. Ibí yìí ni mo ti ń lo ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́, èlé: iye tí ooru ọpọlọ fi ju ti yàrá lọ. Bí ìwé òyìnbó bá ní amóorulọ kan mú ọpọlọ dúró sí 82, ẹ wo ìwọ̀n yàrá tí wọ́n ti dán an wò. Tó bá jẹ́ 22, èlé rẹ̀ jẹ́ 60, nínú yàrá tó wà ní 34 ní Ọbántókò, 94 ló máa jẹ́, Ryzen yẹn á sì ti máa wá ibi tó máa dẹwọ́ sí. Èlé kan náà ni lọ́yẹ́ àti lẹ́ẹ̀rùn, bí iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ooru yàrá ló ń yí. Láàárọ̀ oṣù Kejìlá tí yàrá bá wà ní 24, ẹ lè tẹná dáadáa. Tó bá di oṣù Kẹta, ẹ yọ ẹsẹ̀ díẹ̀: ẹ dín fọ́ltéèjì kù ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ yọ díẹ̀ nínú eré, tàbí kẹ́ ẹ sún iṣẹ́ tó wúwo di òru, bí iná bá wà.