Igbódù Tó Di Yàrá: Láti Igbó Ọ̀ṣun Dé Suitland

Ẹni tó bá wa mọ́tò láti Washington lọ sí Suitland ní ìpínlẹ̀ Maryland, Suitland Parkway ni yóò gbà. Igi ló wà lọ́tùn-ún, igi ló wà lósì. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló la títì náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, kí àwọn ológun lè máa yára dé pápá ọkọ̀ òfurufú tí a ń pè ní Andrews lónìí. National Park Service, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀, ló ni ìtọ́jú títì náà àti igbó tó tẹ̀ lé e. Òfin àjọ yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni já ewé níbẹ̀. Olórìṣà tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láti wá ewé Ọ̀sanyìn, arúfin ni.

Nílé, igbó òrìṣà kì í ṣe ibi tí igi pọ̀ sí lásán. Igbó Orò wà, igbó ìgbàlẹ̀ ti àwọn Egúngún wà, igbódù tí wọ́n ti ń tẹ ènìyàn nífá wà. Èèwọ̀ ló ya irú igbó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń pa èèwọ̀ náà mọ́. Igi inú rẹ̀ kì í ṣe igi ìdáná. Ní igbó Ọ̀ṣun, ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pẹja nínú odò. Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo gan-an, ọ̀rọ̀ igi gígé ni. Láróòyè àti ọdẹ Tìmẹ́yìn kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá. Wọ́n dé etí odò, wọ́n gé igi, igi wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Òrìṣà bínú, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì bá a dá májẹ̀mú kí wọ́n tó rí ibi jókòó sí.

Májẹ̀mú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn tó ń tọ́jú ojúbọ ti dín kù, ìbẹ̀rù èèwọ̀ ti ń lọ, wọ́n ti gbin igi tíìkì sí apá kan igbó náà, àwọn olè sì ń jí ère kó. Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó sì di olórìṣà, dúró ti igbó náà pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́-ọnà bíi Adébísí Akànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Ìjọba kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ di hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé Wenger nìkan ló gba igbó náà sílẹ̀. Àṣejù ni. Bí kò bá sí Àtáọ́jà, Ìyá Ọ̀ṣun àti Arugbá, ọgbà ère lásán ni ibẹ̀ ìbá dà.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò ní ilẹ̀ tí wọ́n lè fi èèwọ̀ sọ́. Ní Havana àti Matanzas, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe ìyàwó òrìṣà. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀, wọ́n fi aṣọ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì pe yàrá náà ní igbódù. Igbódù náà ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Kò sí igi kan nínú rẹ̀, ògiri ló yí i ká, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ fún un lórúkọ yẹn mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tí kò ṣeé kó wọ yàrá ni ewé. Wọn kò lè po omi ẹ̀rọ̀, èyí tí àwọn ará Kúbà ń pè ní omiero, láìjáde lọ sínú igbó. Púpọ̀ nínú ewé ilé kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n wá èyí tó jọ ọ́. Wọ́n gbé Ìrókò lé igi seiba, èyí tí í ṣe àràbà nílé. Ní Bahia, ìbátan igi ọ̀dán ni wọ́n gbé e lé. Lydia Cabrera tẹ ìwé El Monte jáde ní Havana ní 1954, láti ẹnu àwọn àgbà olórìṣà àti àwọn àgbà ìsìn Kóńgò. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn jẹ́ kó yé e pé ẹni tó bá wọ igbó gbọ́dọ̀ kí igbó, kó sì sanwó ewé kó tó já a. Èyí kò yàtọ̀ sí ìṣe oníṣègùn nílé tó ń pe ewé lórúkọ kó tó fọwọ́ kàn án.

Yàrá yìí ló bá wọn wọ Amẹ́ríkà. Ọba Oseijeman Adefunmi, tí wọ́n ṣe lórìṣà ní Matanzas ní 1959, gbìyànjú láti dá a padà sínú igbó nígbà tó tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina ní 1970. Ṣùgbọ́n inú ìlú ni ọ̀pọ̀ jù nínú olórìṣà ń gbé. Ní 1993, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i pé ìlú Hialeah ní Florida kò lè ṣe òfin torí àti dá àwọn olórìṣà lẹ́kun ẹbọ rírú. Ọ̀rọ̀ ẹran ni ẹjọ́ yẹn dá lé. Kò ṣí ọ̀nà igbó.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá lójú ní Suitland. Láti 1999 ni ilé tí ilé ọnà àwọn ọmọ-ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ń kó ẹrù rẹ̀ sí ti wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lé ní 800,000. Àwọn ọmọ-ìbílẹ̀ bá wọn dá sí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, wọ́n sì fi àyè ètùtù sí i, nínú ilé àti níta. Ní ìlú kan náà, irà kan wà tí wọ́n ń pè ní Suitland Bog, tí ewéko tó ń jẹ kòkòrò ń hù nínú rẹ̀. Irú irà bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́kù kò pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń dáàbò bò ó. Èèwọ̀ ìjọba wà lórí rẹ̀, kò sí àwòrò.

Ní oṣù Keje ọdún 2016, National Park Service tún òfin rẹ̀ ṣe: ẹ̀yà ọmọ-ìbílẹ̀ tó bá ní àjọṣe àtijọ́ pẹ̀lú ilẹ̀ ọgbà kan lè bá àjọ náà ṣe àdéhùn láti máa já ewé ìṣẹ̀ṣe wọn níbẹ̀. Kìkì ẹ̀yà tí ìjọba àpapọ̀ mọ̀ nìkan ni èyí kàn. Àwọn Piscataway, tí wọ́n ni ilẹ̀ Suitland kí òyìnbó tó dé, ìjọba ìpínlẹ̀ Maryland mọ̀ wọ́n láti 2012, ti àpapọ̀ kò tíì mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, àti àwọn àti olórìṣà, kò sẹ́ni tí àdéhùn yẹn ṣí sílẹ̀ fún. Ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kéré: alákòóso ọgbà lè gbà kí ènìyàn ká ìwọ̀nba èso tí yóò jẹ. Ewé kò sí nínú rẹ̀.