Tìmì Lágúnjú, Samuel Johnson àti Ọ̀rọ̀ Ìwé Ìtọ́kasí

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nídìí kíkọ àpilẹ̀kọ fún jọ́nà, títo ìwé ìtọ́kasí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi sẹ́yìn. A ó ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, yóò wá ku alẹ́ ọjọ́ kan kí á fi ránṣẹ́, ìgbà náà la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọdún tí wọ́n tẹ ìwé jáde àti ibi tó yẹ kí kọ́mà wà. Ní Ẹdẹ yìí, yálà Redeemer's la wà, tàbí Adeleke, tàbí Póòlì, ìtàn kan wà nílé tó yẹ kó jẹ́ ká tún èrò wa pa lórí iṣẹ́ náà.

Gbogbo wa la mọ ìwé The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ọdún 1897 ló parí rẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ tó sì tún ìwé náà kọ. Òun náà kú ní 1920, ọdún kan kí ìwé náà tó jáde ní 1921. Nígbà tí a bá kọ "Johnson (1921)", ẹni tó ti kú ní ogún ọdún sẹ́yìn là ń tọ́ka sí, a ò sì dárúkọ àbúrò tó tún un kọ. Àwa tí à ń lo àtúntẹ̀ tún máa ń kọ ọdún àtúntẹ̀ nìkan, bí ẹni pé lẹ́yìn òmìnira ni Johnson kọ̀wé. Ìlànà APA fàyè gba ọdún méjèèjì nínú àkámọ́: ti àkọ́kọ́ ṣáájú, ti àtúntẹ̀ tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà ló kan Ẹdẹ gan-an. Níbẹ̀ ni Johnson ti sọ ibi tó ti rí ìtàn rẹ̀. Ti ayé àtijọ́, ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló ti gbà á. Láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá, ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ni. Ó dárúkọ ènìyàn mẹ́ta nínú wọn: David Kúkọ̀mí, bàbá àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn, Josiah Oni, oníṣòwò tó rìn kárí ilẹ̀ Yorùbá, àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ẹni tó pè ní òpìtàn tó ní ẹ̀bùn, tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, tí gbogbo ilẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni Lágúnjú, àlùfáà ìjọ Kristi ni Johnson. Ìyẹn ò dí i lọ́wọ́ láti sọ ní gbangba pé Ọba náà wà lára àwọn olùkọ́ òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni inú ìwé náà fúnra rẹ̀. Bí a bá kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó ṣòro láti ya ohun tí Tìmì sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí Kúkọ̀mí sọ. Ogun Òṣogbo, ogun Ìjàyè, ogun Kírìjì: ta ló sọ èwo? Ta ló wà lójú ogun, ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀? Ohùn ènìyàn púpọ̀ ti di ohùn kan ṣoṣo, a sì ń wí pé "Johnson sọ pé." A ò lè torí èyí bú Johnson, nítorí ó dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ tí kò bá gbólóhùn kankan rìn, ìdúpẹ́ ni; kò tíì di ìtọ́kasí. Ní 1984, Robin Law kọ odidi àpilẹ̀kọ kan sínú History in Africa láti yẹ ìtàn Johnson wò, kó lè mọ bí ó ṣe jẹ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu tó.

Ewu mìíràn tún wà. Ìwé Johnson ti wọ ilé-ìwé, ó ti wọ ààfin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ bá àgbà kan lónìí, ìtàn tí yóò gbọ́ lè jẹ́ èyí tó ti inú ìwé Johnson padà sílé. Yóò wá kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí méjì ló fẹnu kò, Johnson àti bàbá yìí, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni.

Ní 1959, Tìmì mìíràn wọ inú ìwé, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Ọba Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tó gorí ìtẹ́ ní 1946, tó sì mọ ìlù lù bí ọmọ àyàn, kọ "Yoruba Drums" sínú Odù, jọ́nà tí Ulli Beier àti Sàbúrì Bíòbákú wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1955. Báwo la ṣe máa to orúkọ Kábíyèsí? Ẹni tó bá wo "Timi of Ede" nìkan á tò ó sábẹ́ T. Bí a kò bá sì ṣọ́ Zotero, ó lè mú "Ede" bí orúkọ ìdílé kó tò ó sábẹ́ E. Oyè ni Tìmì. Lágúnjú jẹ ẹ́, Láoyè jẹ ẹ́, àwọn mìíràn sì ti jẹ ẹ́ lẹ́yìn wọn. Bí a bá fi oyè nìkan sílẹ̀, Ọba tó pìtàn fún Johnson àti Ọba tó kọ̀wé ní 1959 á di ẹnì kan náà lójú ẹni tí kò mọ ilé. Láoyè ni kó ṣáájú, kí oyè tẹ̀lé e.

Àmì ohùn náà ńkọ́? "Ede" láìsí àmì lè jẹ́ èdè tí à ń sọ, ó lè jẹ́ edé tí à ń fi sebẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ká fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ ìwé ìtọ́kasí, bí wọ́n ṣe tẹ àkọlé ni ká kọ ọ́, kí ẹni tó bá ń wá a lè rí i.

Àwọn àgbà tí kò kọ̀wé ló kù. Nínú ìlànà APA, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí àwa fúnra wa ṣe kì í wọ inú àkójọ, torí òǹkàwé kò lè rí i kà. Inú àkámọ́ ló máa ń mọ sí. Chicago máa ń fi í sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá, a máa ń ní àtẹ àwọn abẹ́nà ìmọ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibùgbé, ọjọ́ tí a bá wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá wá ń gé iṣẹ́ náà kúrú fún jọ́nà, àtẹ yìí ló rọrùn jù láti yọ. Irú ìṣòro yìí ló mú kí Lorisia MacLeod, ọmọ ẹ̀yà Cree ní Kánádà, tẹ àwòṣe kan jáde nínú jọ́nà KULA ní 2021, tó jẹ́ kí orúkọ àgbà wọ inú àkójọ bíi ti òǹkọ̀wé, pẹ̀lú ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ń gbé àti ohun tó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹsẹ Ifá a máa dárúkọ awo tó dífá àti ẹni tí wọ́n dá a fún kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Oníjàálá a máa júbà kó tó lanu.

Nítorí náà, nígbà tí a bá jókòó ti àgbà, ká béèrè bó ṣe fẹ́ ká kọ orúkọ òun, àti bóyá ó fẹ́ ká dárúkọ òun rárá. Ká kọ oyè rẹ̀, ibi tí a wà àti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ká béèrè pé, "Bàbá, níbo lẹ ti gbọ́ ọ? Ṣé ó ṣojú yín ni, àbí ẹ kà á nínú ìwé?" Ká kọ ìdáhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn tó ti ẹnu wọn jáde, kó má dúró sí ojú ewé ìdúpẹ́. Bí Johnson bá ti kọ "Tìmì ló sọ èyí fún mi" sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn mẹ́wàá péré, à bá ti máa gbọ́ ohùn Lágúnjú fúnra rẹ̀ lónìí.