Gbàjarè Lórí Omi: Ọ̀rọ̀ Wo La Ó Fi Pè É?

Rédíò ọkọ̀ ojú omi tòde òní ní bọ́tìnnì pupa kan tí wọ́n fi ìdérí bò. Ẹni tó bá ṣí ìdérí náà, tó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, tí kò sì jáwọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ti ránṣẹ́ sí gbogbo ọkọ̀ àti gbogbo ibùdó etíkun tó ní irú rédíò bẹ́ẹ̀, tí agbára rédíò rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ohùn. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni, ibi tí ọkọ̀ wà, ohun tí aago sọ, àti irú ewu tó dé. Ìkànnì 70 ló ń gbà kọjá. Ohùn èèyàn á wá tẹ̀ lé e lórí ìkànnì 16. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, ẹ̀rọ náà á máa tún un rán fúnra rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìlò rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Satellite Town nílùú Èkó, láti èbúté Ìjẹgun-Ẹ̀gbá lọ dé Ibeshe, Yorùbá, Ògù, Ìlàjẹ àti Píjìn ni wọ́n fi ń tukọ̀.

Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ọkọ̀ fáíbà aládàáni máa ń kó èrò fàájì lọ sí etíkun Ilashe, tàwọn ti kúlà àti ẹran tí wọ́n fẹ́ lọ sun. Òfin àgbáyé fi dandan lé irú rédíò yìí fún ọkọ̀ òkun tó bá tó 300 tọ́ọ̀nù tó sì ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Òfin yẹn kò kan ọkọ̀ fàájì. Ẹni tó bá ra rédíò náà sínú ọkọ̀ fàájì, ọgbọ́n orí rẹ̀ ló fi rà á. Ẹni tó sì máa ń wà nídìí ẹ́ńjìnnì nígbà tí omi bá ru kì í sábà jẹ́ ẹni tó ra rédíò. Atukọ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni. Òun ni mo ń wá ọ̀rọ̀ fún.

Àwórì ló ni ilẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí Satellite Town wà. Ìtàn wọn sọ pé orí omi ni àwo tí baba ńlá wọn ń tẹ̀ lé ti rì, ibẹ̀ sì ni orúkọ wọn ti wá: àwo rì. Ìran tó fi nǹkan tó rì sọ ara rẹ̀ lórúkọ kò yẹ kó máa yá ọ̀rọ̀ ewu orí omi lò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ewu náà fúnra rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè á sáré fún wa ní “ìpọ́njú” fún “distress” ti Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò gbà á. Ọdún gbọọrọ lèèyàn fi ń wà nínú ìpọ́njú. Àìsàn tó pẹ́ àti àìrówó tó pẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí omi ń wọ̀ kò ní ọdún kankan níwájú. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: gbàjarè. Nígbà tí iná bá ń jó ilé, àwọn ará ilé á ké gbàjarè. Ẹ tú u wò, ó jọ gbólóhùn, “gbà mí jàre”, tó ti di ọ̀rọ̀-orúkọ láìsí pé ìgbìmọ̀ kankan jókòó lé e lórí. Àléébù kan ló ní. Àwọn oníwèé ìròyìn ti lò ó gbó. Ará àdúgbò ké gbàjarè nítorí títì tó bàjẹ́, wọ́n tún ké e nítorí tíráńsífọ́mà. Síbẹ̀, èmi á mú un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì tán: kò sí ẹni tó ń ké gbàjarè tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn lọ́la. Nítorí náà, bọ́tìnnì pupa ni bọ́tìnnì gbàjarè.

Iṣẹ́ tí bọ́tìnnì náà rán ńkọ́? Ohun tí kì í ṣe ohùn, tó jẹ́ àmì, tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tú u, àrokò ni. Owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ làwọn baba wa fi ń pa á; ìgbì rédíò la fi ń pa èyí. Àrokò gbàjarè ni èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ayé. Ẹ̀rọ kan náà tún lè pe ọkọ̀ kan ṣoṣo nípa nọ́ńbà rẹ̀, ká pe ìyẹn ní àrokò àdáni. “Díjítà” tó wà nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Digital Selective Calling, mo fi sílẹ̀. Kò sí atukọ̀ tó nílò rẹ̀ láti tẹ bọ́tìnnì. A sì ti rí ohun tí ìfẹ́ àtitúmọ̀ ohun gbogbo ṣe fún kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sọ di “ẹ̀rọ ayárabíàṣá”. Oríkì nìyẹn, kò sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Nínú rédíò náà, èèyàn lè yan irú ewu kó tó tẹ bọ́tìnnì. Iná. Omi ń wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ forí sọ nǹkan. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ́ dojú dé. Ọkọ̀ ń rì. Ẹ́ńjìnnì kú, omi ń gbé wa lọ. Èèyàn já sómi. Ajalèlókun. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bíi gbólóhùn nítorí bí atukọ̀ ṣe ń sọ wọ́n nìyẹn. Àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fẹ́ràn ká sọ ohun gbogbo di ọ̀rọ̀-orúkọ: “ìdojúdé ọkọ̀”, “ìjásómi èèyàn”. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wúlò púpọ̀ fún olùkọ́ nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n kíláàsì kò ní ìgbì.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ewu náà tó lè ṣini lọ́nà pátápátá, ìyẹn ni kí ìdí ọkọ̀ lọ kan ilẹ̀, kó má lè lọ mọ́. Ẹni tó bá sáré túmọ̀ rẹ̀ á kọ ọ́ pé “ọkọ̀ gúnlẹ̀”. Lédè wa, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ọpẹ́ ni. Ó ti dé èbúté, èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó wà létí rédíò, tó gbọ́ pé ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ lálẹ́, tó sì dúpẹ́, tó padà sídìí tíì rẹ̀. “Ọkọ̀ há sórí iyanrìn” ni kí a kọ.

Mayday, igbe tí wọ́n ń ké lórí ìkànnì 16, ni mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀. Frederick Mockford, òṣìṣẹ́ rédíò ní pápákọ̀ òfurufú Croydon lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ló dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Ó fà á yọ láti inú Faransé “m’aidez”, ẹ ràn mí lọ́wọ́, ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Washington ní 1927 sì fọwọ́ sí i. Gbàjarè ti Faransé nìyẹn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹnu wọn pè. Ọkọ̀ tó súnmọ́ wa jù lórí òkun lè jẹ́ ti àwọn ará Philippines tàbí Íńdíà tó ń dúró de àyè ní Apapa. “Ẹ gbà wá o” kò ní ta wọ́n létí. Kí atukọ̀ mọ ìtumọ̀ Mayday ní Yorùbá, kó sì pè é ní “Médè” lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàtọ̀ tí mo ń tẹnu mọ́ nìyí: ọ̀rọ̀ tí atukọ̀ gbọ́dọ̀ lóye, ẹ fún un ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí àjèjì gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ku nọ́ńbà ọkọ̀ tí àrokò náà ń gbé. Òǹkà 9 ni, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ń sọ orílẹ̀-èdè. 657 ni ti Nàìjíríà. NIN ọkọ̀ ni kí ẹ pè é, ó máa yé kóówá, nítorí kò sẹ́ni tí kò tíì tò fún NIN rí. Bíi ti NIN, nọ́ńbà lásán kò wúlò láìsí àkọsílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: orúkọ ọkọ̀, irú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, fóònù olówó ọkọ̀, àti fóònù ẹnì kan lórí ilẹ̀ tó lè sọ pé lóòótọ́ ni wọ́n jáde láàárọ̀. Bí ẹ bá ta ọkọ̀, àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Ìjọ̀ngbọ̀n tiwa wà nídìí tòkunbọ̀. Rédíò tó bá ọkọ̀ wá láti ìlú òyìnbó lè ṣì gbé nọ́ńbà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Bó bá fi 232 sí 235 bẹ̀rẹ̀, ti Bìrìtìkó ni. 338 tàbí 366 sí 369, ti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí ẹ bá ké gbàjarè lójú omi Ilashe, ẹni tó ti ta ọkọ̀ náà láti ọdún mélòó kan ni wọ́n á máa pè lókè òkun. Ọ̀pọ̀ rédíò kì í sì í gbà kí a yí nọ́ńbà padà tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹni tó ń ta rédíò tàbí iléeṣẹ́ tó ṣe é ló gbọ́dọ̀ bá yín yí i padà.

Ìwé ìlò kan tí wọ́n bá fi Yorùbá kọ lónìí, ẹ̀rù ń bà mí pé “tẹ̀, kí o sì mú dání” ló máa wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì kì í ṣe ohun tí à ń mú dání. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ta rédíò tàbí tó ń yá ọkọ̀ lò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìyí: “Ṣí ìdérí bọ́tìnnì pupa. Tẹ bọ́tìnnì gbàjarè mọ́lẹ̀, má jáwọ́; ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Bọ́ sí ìkànnì 16. Pe Médè lẹ́ẹ̀mẹta, sọ orúkọ ọkọ̀, ibi tí o wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye èèyàn inú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé o ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, má kàn pa rédíò. Sọ fún wọn lórí ìkànnì 16 pé kò sí ewu.” Ẹ fi 767 àti 112 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà tí fóònù bá ní nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ̀yin ará Festac àti Satellite Town tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí atukọ̀ yín kà á sókè sí yín létí kó tó tú okùn.