Ọnà Kò Wọ Inú Ojú Ọpọ́n: Ayò àti Ohun Ọlá ní Ọ̀yọ́

Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọba àti ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù a máa ní káàdì tí wọ́n fọwọ́ yà, tí wọ́n fi wúrà dárà sí lára. Ìdì kan tó pé géérégé, káàdì 52, tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1475 sí 1480, wà ní Cloisters, ẹ̀ka ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Ara wọn ṣì mọ́ débi pé ó jọ pé agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ta wọ́n rí. Ẹni tó bá fi èyí wo ohun ọlá gbogbo lè sọ pé bí nǹkan bá ti di ti ọba, ó ti kúrò lọ́wọ́ eré. Èrò tèmi ni pé ọpọ́n ayò ọlọ́nà àwọn Yorùbá já ọ̀rọ̀ yìí nírọ́: lọ́dọ̀ wa, ẹwà kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ohun èlò.

Ara igi ni ẹ̀rí wà. Ojú 12 ni ọpọ́n ní, mẹ́fà níhà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 48 sì ni wọ́n ń pín sí i ní mẹ́rin-mẹ́rin. Lára ọpọ́n iyebíye, etí, ìhà àti ìdí ni agbẹ́gilére ń gbẹ́ ọnà sí. Nígbà mìíràn ère ló gbé ọpọ́n náà ró. Ṣùgbọ́n inú ojú rẹ̀ ṣófo, ó sì jọ̀lọ̀, kí ọwọ́ ẹni tó ń ta ayò lè kó ọmọ ayò láìkọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbá fínfín tí a mọ Ọ̀yọ́ mọ́: ẹ̀yìn ni ọ̀bẹ ti ń ṣe ọnà, inú kì í ní ọnà, nítorí oúnjẹ ló máa gbé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àfihàn lásán ni, kí ló dá ọ̀bẹ dúró létí ojú ọpọ́n?

Àwọn kan á ní eré abẹ́ igi ni ayò, kò kan ààfin. Lóòótọ́, ẹni tí kò ní ọpọ́n lè gbẹ́ ihò sílẹ̀ kó sì ta á. Àmọ́ èyí gan-an ló gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀: òfin eré kò yàtọ̀ fún ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló yàtọ̀. Àwọn mìíràn á bèèrè ọpọ́n àwọn Aláàfin àtijọ́. Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó. Ikán ń jẹ igi, iná sì ń jó o. Ọjà Akẹ̀sán tó wà níwájú ààfin Ọ̀yọ́ tuntun pàápàá jóná ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2020. Àìrí ohun igi lónìí kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí rí. Ohun tí a kò lò ló ń pẹ́. Ohun tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́ a máa gbó.

N kò sọ pé ààfin ni gbogbo ọpọ́n ọlọ́nà ti wá, nítorí a gbẹ́ òmíràn fún òyìnbó tó ń ra ohun ìrántí. Ojú ọpọ́n fúnra rẹ̀ lè tọ́ka ìyàtọ̀: èyí tí wọ́n ta dáadáa, inú rẹ̀ á ti dán. Nítorí náà, kí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé má kàn máa kọ nípa ère ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n. Kí wọ́n yẹ inú ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí. Kí àwa onímọ̀ náà lọ bá àwọn agbẹ́gilére àti àwọn onígbá Ọ̀yọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, ká kọ orúkọ wọn sílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ wọn.